Gbogbo Ọ̀rọ̀ Ha Ni Orúkọ Bí? Àyẹ̀wò Àwọn Orúkọ Ẹlẹ́yọ Ọ̀rọ̀ Tí À Ń Sọ Ọmọbìnrin

Àríyànjiyàn kan wà tí kò tí ì tán láàárín àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá àti àwọn tí à ń kọ́. Kò sì tí ì tán láàárín ìyá àgbà àti ọmọ rẹ̀ nínú ilé tí a ti ń múra ìkómọ. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí orúkọ tí ó jẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti ń lò fún nǹkan mìíràn kí ó tó di ti ọmọ. Ìfẹ́, Ìrètí, Ìtùnú, Oore-ọ̀fẹ́, Ìyanu, Ìmọ́lẹ̀, Òdòdó, Ìràwọ̀, Wúrà: báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹ́. Bí a kò bá bá wọn nínú aṣọ Yorùbá, a ó bá wọn nínú aṣọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń jẹ́ Blessing, Favour, Precious, Treasure, Miracle àti Testimony. Àwọn ọkùnrin kò ṣàì ní ìpín tiwọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí àwọn ọmọbìnrin ni ẹrù náà pọ̀ sí.

Èrò méjì ni mo máa ń gbọ́ jù. Àwọn kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́, gbà pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti dùn lẹ́nu, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì dára, tó orúkọ í jẹ́. Wọ́n ní kí ni ó burú nínú kí a pe ọmọ ní Ìmọ́lẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń fẹ́ òkùnkùn? Àwọn kejì, tí àwọn àgbà pọ̀ nínú wọn, a máa fi òwe dá wọn lóhùn pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Lójú tèmi, ẹjọ́ kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kìíní ń wo ìtumọ̀ láìwo ìhun; ẹgbẹ́ kejì ń wo ọjọ́ orí orúkọ, bí ẹni pé orúkọ tí ó bá ti pẹ́ ni ó dára. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí orúkọ Yorùbá ń gbà sọ̀rọ̀, kí a lè mọ ohun tí a jèrè àti ohun tí ó bọ́ sọnù nígbà tí a bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ ti ń tú orúkọ wa palẹ̀. Ìwé tí Modupe Oduyoye kọ lórí ìhun àti ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá jáde ní Ìbàdàn ní 1972. Ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá jọ ṣe sì jáde ní 2003. Ẹni tí ó bá fi sùúrù ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé gbólóhùn odidi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú orúkọ àbísọ wa. Ẹ jẹ́ kí a mú Olúfúnmiláyọ̀. Olú ni olùwà, fún ni ọ̀rọ̀-ìṣe, mi ni ẹni tí a fún, ayọ̀ sì ni ohun tí a fi fún un. Ẹni mẹ́ta ni ó wà nínú orúkọ náà, bí a bá ka ọmọ tí ń jẹ́ ẹ mọ́ wọn: ẹni tí ó fúnni, ẹni tí ó gbà, àti ọmọ tí ó jẹ́ ẹ̀rí pé a ti fún un. Nígbà tí a bá wá pe ọmọ mìíràn ní Joy, tàbí tí a pè é ní Ayọ̀ láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀bùn nìkan ni ó kù lórí ẹní. A kò mọ ẹni tí ó gbé e wá, a kò sì mọ ẹni tí ó ń dúpẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí àwa onígírámà ní ọwọ́ nínú àṣìmú yìí. Àwa ni a pe irú ọ̀rọ̀ bí ilé, igi àti ìfẹ́ ní ‘ọ̀rọ̀-orúkọ’, tí àwọn ọmọ sì ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnu yà wá bí wọ́n bá dàgbà tán tí wọ́n rò pé gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó tó orúkọ í jẹ́!

Níbi tí gbólóhùn inú orúkọ ti dùn mọ́ mi jù lọ ni inú àwọn orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘mo’, tí àwọn obìnrin sì ń jẹ́ púpọ̀: Morẹ́nikẹ́, Modúpẹ́, Mojísọ́lá, Mobọ́lájí, Mosúnmọ́lá. Ta ni ‘mo’ yìí? Nínú Modúpẹ́, òbí ni ó ń sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń wí i. Nínú Morẹ́nikẹ́, òbí náà ni, tàbí ìyá àgbà tí ó ti ń retí ọmọ tí yóò kẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé orí Mojísọ́lá, ohùn yí padà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó jí, inú ọlá ni ó jí sí, òun ni ó sì ń ròyìn ohun tí ó bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mobọ́lájí àti Mosúnmọ́lá. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí kò tí ì lè sọ ‘màmá’ ti ní gbólóhùn tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí òun jẹ́ olùwà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè é láti ẹ̀yìnkùlé, ì báà ṣe ọkọ, ì báà ṣe ọ̀gá, ẹnu ni ẹni náà yá a láti fi sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo ti wá irú ohùn yìí nínú Precious àti Treasure, n kò rí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹnìkan rí ọmọ náà, ó sì díye lé e.

A lè rí ẹ̀rí kan náà níbi ìkómọ. A ó gbé oyin sílẹ̀, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, omi tútù. Kò sí àgbà tí yóò mú oyin, tí yóò fi kan ẹnu ọmọ, tí yóò wí pé ‘oyin’, tí yóò sì gbé e sílẹ̀ pé ó parí. Ìwúre gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àgbà ní láti sọ ohun tí oyin jẹ́, kí ó sọ bí a ṣe fẹ́ kí ayé ọmọ náà rí, kí àwọn ènìyàn sì ṣe àmín. Nǹkan kò dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láàárín wa. A máa ń bá a wá gbólóhùn ni. Ẹni tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ gbé nǹkan kalẹ̀, ìwúre rẹ̀ ni a kò tí ì gbọ́.

Bí ó ti wù kí ó rí, n kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ kejì gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi lẹ́nu kí wọ́n máa fi jó. Irọ́ ni pé Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀-orúkọ sọ ọmọ rí. Adéọlá kì í ṣe gbólóhùn; adé tí ó jẹ́ ti ọlá ni. Bẹ́ẹ̀ ni Wúràọlá. Ẹniìtàn jẹ́ ẹni tí ó ní ìtàn, kò sì sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan lójú rẹ̀ lóde. Nínú àwọn orúkọ àbíkú tí Samuel Johnson kó jọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1921, Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ jẹ́ gbólóhùn, ṣùgbọ́n Àpárà wà láàárín wọn, ẹyọ ọ̀rọ̀ sì ni, orúkọ ẹni tí ń lọ tí ń bọ̀. Àwọn orúkọ àmútọ̀runwá bí Ìgè àti Dàda, gbólóhùn wo ni a fẹ́ fà yọ nínú wọn? Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò sì rù wá lójú rí, nítorí pé ìtàn ọmọ náà wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Ìgè ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ọmọ náà mú wá sáyé. Ẹni tí ó gbọ́ Dàda ti rí irun orí rẹ̀.

Oríkì náà ní ohun tí ó ń bi wá léèrè. Àwọn kan ní àwọn orúkọ tuntun ń sọ obìnrin di nǹkan ẹ̀ṣọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, n óò sì padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ sọ nípa Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àníkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àdùkẹ́? Ẹni tí a ṣà kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kẹ́, ẹni tí a jọ kẹ́. Bí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ oríkì ọkùnrin bí Àjàní, ẹni tí a jà kí a tó ní, a ó rí i pé ìjà àti akitiyan ni ó pọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin, ìkẹ́ ni ó pọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin. Ẹni tí ó bá wí pé àwọn baba wa kò fi orúkọ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin gbàgbé oríkì. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú orúkọ àbísọ wa kò ya takọtabo sọ́tọ̀. Ayọ̀délé ọkùnrin wà, Ayọ̀délé obìnrin wà, bẹ́ẹ̀ náà ni Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú. Oríkì ni ó yà wọ́n. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó wà nínú Àbẹ̀kẹ́: ‘a’ wà níbẹ̀, ìyẹn àwa, ẹbí, bíbẹ̀ wà níbẹ̀, kíkẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn tí ó jẹ gbèsè ìkẹ́ náà ti fọwọ́ sí i. Obìnrin tí ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, tí a kò sì kẹ́, lè fi orúkọ rẹ̀ pe ẹbí rẹ̀ lẹ́jọ́.

Níbo wá ni orúkọ bíi Patience, Comfort, Grace àti Mercy ti wọ̀lú? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, àwọn onígbàgbọ́ kan tí à ń pè ní Puritan kọ̀ láti máa sọ ọmọ wọn ní orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ti ìjọ Àgùdà. Wọ́n wá orúkọ nínú Májẹ̀mú Láéláé, wọ́n sì tún wá a láàárín ìwà rere. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn náà gbìyànjú gbólóhùn. Ọkùnrin oníṣòwò awọ kan wà ní London tí ń jẹ́ Praise-God Barebone, tí a tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó jókòó ní 1653. ‘Ẹ yin Ọlọ́run’ ni ọkùnrin yìí ń jẹ́. Ì bá ṣe ní Ìjẹ̀bú ni, kò sí ẹni tí ì bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilú rẹ̀ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì kú. Ẹyọ ọ̀rọ̀ ni ó yè, lórí àwọn ọmọbìnrin ni ó sì yè sí jù. Ìyókù yìí ni àwọn míṣọ́nnárì gbé tọ̀ wá wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Kí a wo àwọn ìwà tí wọ́n yàn fún ọmọbìnrin: sùúrù, ìtùnú, àánú, ìfẹ́ àìlẹ́tàn. Ọmọ tí ń jẹ́ Comfort, ta ni yóò máa tù nínú? Ọmọ tí ń jẹ́ Patience kò gbọdọ̀ bínú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi bi í pé sùúrù rẹ̀ dà. Àṣẹ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi í lé ọmọ lórí kí ó tó ní ìwà kankan. Orúkọ Yorùbá a máa ròyìn ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, tàbí kí ó gbàdúrà. Ṣọ̀wọ́n ni ó fi ń pàṣẹ ìwà fún ọmọ.

Ìtàn obìnrin kan wà tí ó yẹ kí a máa rántí níhìn-ín. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Bonetta, gba ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́ Gẹ̀zò ọba Dàhòmì. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Ẹ̀gbádò, ogun Dàhòmì ni ó sì sọ ọ́ di aláìníyàá aláìníbaba. Àìná ni ìtàn sọ pé ó ń jẹ́. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, ó mú un dé ọ̀dọ̀ ọbabìnrin Victoria, ọbabìnrin sì gba ìtọ́jú rẹ̀. Ní 1862 ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò tí à ń pè ní Lábúlọ̀; ó kú ní 1880. Ẹ jẹ́ kí a gbé orúkọ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Àìná ni orúkọ ọmọbìnrin tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn nígbà tí a bí i: ìtàn ìbí rẹ̀ ni. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ẹlòmíràn ń darí. Ní ọjọ́ tí a fi èkejì bo èkíní mọ́lẹ̀, ìtàn ọkọ̀ ni a gbé lé ọmọ lórí, ìtàn ọmọ sì di ohun tí àwọn akọ̀wé ń wá kiri.

Ní Èkó, àwọn kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀mọ̀wé kọ irú ẹrù yìí kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní 1894 ni David Brown Vincent di Mojọlá Agbébí. Ní Abẹ́òkúta, ọmọbìnrin tí a bí ní 1900 tí a sọ ní Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 títí di 1922, ó sì fi méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Nínú orúkọ mẹ́ta, èyí tí ó jẹ́ gbólóhùn ni ó fi bá ìjọba amúnisìn jà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo pè ní ìtumọ̀ àtẹ̀yìnwá. Àwọn òbí tí wọ́n fẹ́ràn èdè wọn kọ Comfort, wọ́n sì gba Ìtùnú. Wọ́n kọ Grace, wọ́n gba Oore-ọ̀fẹ́. Wọ́n kọ Hope, wọ́n gba Ìrètí. Wọ́n rò pé àwọn ti padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà padà, ìhun rẹ̀ kò padà. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ ju ẹjọ́ náà sí orí Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nítorí orúkọ ẹlẹ́yọ ọ̀rọ̀ ní òbí kejì, inú ilé ni a sì ti bí òbí náà. Láti bí ogójì ọdún, a ti ń gbọ́ Ìfẹ́olúwa, Ìbùkúnolúwa, Ẹ̀bùnolúwa, Àyànfẹ́olúwa, Ògoolúwa, Iṣẹ́olúwa. Àwọn wọ̀nyí ti fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀. Nǹkan kan ni, àti Olúwa tí ó ni í. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ bá sì gé e kúrú, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, Olúwa ni wọn yóò gé kúrò, yóò ku Ìfẹ́, Ìbùkún, Ẹ̀bùn. Tí a bá gé Olúfúnmiláyọ̀ kúrú, Fúnmi ni yóò kù, ọ̀rọ̀-ìṣe àti ẹni tí a fún sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà kò dára kí a máa fi ojú kan náà wo gbogbo Ìfẹ́ tí a bá pàdé. Ọ̀kan ni ìtumọ̀ Love. Èkejì ni ìdajì orúkọ tí ìyókù rẹ̀ wà nílé lọ́dọ̀ ìyá.

Mo ti ṣèlérí pé n óò padà sórí ẹ̀ṣọ́. Wúrà, Fàdákà, Péálì, Diamond, Òdòdó: a kì í sáàbà gbọ́ wọn lórí ọmọkùnrin. Àwọn tí wọ́n gbà wọ́n sọ pé Yorùbá ti fi wúrà, iyùn àti sẹ̀gi sọ ọmọ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí a wo ibi tí wúrà jókòó sí nínú àwọn orúkọ náà. Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi ṣe ẹni ìtàn nínú eré onítàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1970, Aníwúrà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó ní wúrà ni Aníwúrà. Wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè rà, ó lè tà. Nínú Ìyáníwúrà, ìyá ni olùwà, iyì rẹ̀ ni a sì fi wúrà sọ. Sẹ̀gilọlá ń sọ pé sẹ̀gi ni ọlá, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè gbà tàbí kí ó jiyàn sí. I. B. Thomas sì mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó fi orúkọ yìí sọ obìnrin tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ayé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930: ẹwà àti ohun ẹ̀ṣọ́ ni obìnrin náà gbẹ́kẹ̀ lé, ayé rẹ̀ sì ni ó fi dán orúkọ náà wò. Wúrà lásán kò ní olówó, kò sì ní àríyànjiyàn nínú. Orí àtẹ ni ó wà.

Àwọn tí wọ́n bá ń ka Fágúnwà nínú ẹ̀ka wa lè wá ẹ̀rí mìíràn níbẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ, tí ó jáde ní 1938, obìnrin kan yọ sí Àkàrà-Ògùn nígbà ìpọ́njú, Ìrànlọ́wọ́ sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dá ọ̀run ni. Ohun tí ó wá ṣe ni orúkọ rẹ̀, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn láyé. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìwé John Bunyan, tí a ti túmọ̀ sí Yorùbá kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń jẹ́ Mercy. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fágúnwà fẹ́ kí ọkùnrin fẹ́ràn obìnrin ẹlẹ́ran ara, tí yóò bá a jẹ̀yà, ó sọ obìnrin Ìrèké Oníbùdó ní Ìfẹ́pàdé, ó sì sọ obìnrin Àdììtú ní Ìyùnadé. Ìfẹ́ nìkan kò tó o. Ó ní láti pàdé nǹkan. Iyùn nìkan kò tó o. Ó fi adé tì í. Ẹnìkan lè wí pé Àdììtú fúnra rẹ̀ ńkọ́, ẹyọ ọ̀rọ̀ ha kọ́ ni? Òun ni. Ọkùnrin sì ni, a sì fi odidi ìwé kan tú u.

Kí a má ṣe rò pé òfin wa ni òfin gbogbo ènìyàn. Láàárín àwọn Hausa tí a jọ wà ní orílẹ̀-èdè yìí, Ladi ni ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Àìkú, Talatu ti Ìṣẹ́gun, Laraba ti Ọjọ́rú, Jummai ti ọjọ́ Ẹtì. Kò sí àbùkù kankan nínú rẹ̀, nítorí bí èdè wọn ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn Mùsùlùmí wa ń sọ ọmọbìnrin ní Bàràkátù, Ràhámátù àti Sàlámátù. Ìbùkún, àánú àti àlàáfíà ni, nínú èdè Lárúbáwá (àlàáfíà gan-an alára, ọ̀nà ibẹ̀ ni ó gbà wọ inú èdè wa). Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn ti sùn ní etí ọ̀pọ̀ nínú wa. Orúkọ ni a ń gbọ́, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Blessing náà ti ń sùn bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tí ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Bùlẹ́sìn kò ronú kan ìbùkún bí ó ti ń pè é, ọmọ rẹ̀ ni ó ń pè.

Ìdánwò kan wà tí mo máa ń fún àwọn tí wọ́n bá bi mí. Mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí o fẹ́, túmọ̀ rẹ̀, kí o sì fi ké pe ọmọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Favour yóò di Ojúrere. Ó gbọ́, ó dùn, ó tilẹ̀ ṣeé kọ lórin. Treasure yóò di Ìṣúra. Testimony yóò di Ẹ̀rí. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti pe ọmọ rẹ ní Ẹ̀rí, a jẹ́ pé ìtumọ̀ kọ́ ni ó wù ọ́ nínú Testimony. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni. Ní ti Princess, ilé tí adé kò wọ̀ rí ni mo ti ń bá a jù. Àwọn ọmọ ọba tòótọ́ ti ní Adé tiwọn.

Lára àwọn tuntun, mo gba Ìyanu. Ó jọ Ẹniìtàn, nítorí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò béèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀, ìyá yóò sì ní ohun tí yóò sọ. Mo gba Ìmọ́lẹ̀ bí òbí bá ní oríkì tí yóò fi tẹ̀ lé e. N kò gba Òdòdó, nítorí rírọ ni a mọ òdòdó mọ́ nínú èdè wa, ìdí mìíràn sì tún wà. Nígbà tí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, Ododo ni, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá òdòdó orí igi ni tàbí òdodo tí í ṣe òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí ni ó yẹ kí ó ká àwa tí a fẹ́ di olùkọ́ lára jù. Orúkọ tí ó jẹ́ gbólóhùn a máa dáàbò bo ara rẹ̀. Bí a bá kọ Ayodele láìsí àmì, ‘dele’ yóò tọ́ ẹni tí ń kà á sọ́nà pé ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ayo nìkan, ayọ̀ ni tàbí ayò tí a ń ta nídìí igi? Ẹyọ ọ̀rọ̀ kò ní aládùúgbò tí yóò jẹ́rìí sí i. Bí òbí bá ti pinnu láti fi í sọ ọmọ, àmì ohùn di apá kan lára orúkọ náà, kò sì yẹ kí olùkọ́, akọ̀wé ilé ìwòsàn tàbí àlùfáà tí ń kọ ìwé ìsàmì fò ó. Nínú ìwé tí a fi ń pe orúkọ ní kíláàsì mi ní sáà yìí, ènìyàn mẹ́ta ni a kọ sílẹ̀ ní Ife, kò sì sí àmì lórí ọ̀kankan. Bí a bá tẹ̀ lé ìwé, ife ìmumi ni gbogbo wọn. Mo bi wọ́n léèrè. Èkíní ní Ìfẹ́olúwa ni òun ń jẹ́ láti ilé. Èkejì ní Ifẹ̀dayọ̀ ni, nítorí pé Ilé-Ifẹ̀ ni inú bàbá òun ti kọ́kọ́ dùn lẹ́yìn ìnira púpọ̀. Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tí ì béèrè lọ́wọ́ ìyá òun rí.